Níbi Mẹ́fà Ni Wáyà Ti Já

Lẹ́tà kan bá Dákẹ́ nídìí iṣẹ́. Ó da rédíò kan dojú bolẹ̀ sórí tábìlì, ó ń fi irin gbígbóná lẹ wáyà tín-ín-rín kan mọ́ inú rẹ̀. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni. Ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n bí ó bá di irin iṣẹ́ mú. Ìgbà tó bá di ife omi mú nìkan ló máa ń gbọ̀n.

Ojú ogun ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Dákẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ni kí ó rí i pé ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíràn kọjá lórí wáyà. Tirẹ̀ kò pọ̀. Orúkọ náà bá a wálé, ó sì mọ́ ọn lára. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, a máa sọ pé bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ omi, bàbá òun ni ìkòkò tí wọ́n dé, tí wọ́n tún gbé òkúta lé.

Nọ́ọ̀sì náà ló já lẹ́tà.

"Bàbá, àwọn ológun ni."

"Kí ni wọ́n ń fẹ́?"

"Wọ́n ní kí ẹ wá. Ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ ogun ní iṣẹ́ wáyà àti tẹlifóònù fẹ́ ṣí yàrá kan tí wọ́n kó ohun ogun àtijọ́ sí. Ẹ̀yin ni àlejò pàtàkì. Wọ́n ní kí ẹ fi àmì ẹ̀yẹ yín sáyà."

"Mi ò lọ."

"Mo mọ̀ pé ẹ ó sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kà á tán ná." Ó yí ìwé náà padà. "Wọ́n ní wáyà tí ẹ so lọ́jọ́ yẹn gan-an wà lọ́wọ́ wọn. Inú ilé ìkẹ́rù ni wọ́n ti rí i, pẹ̀lú ìwé ọjọ́ tí wọ́n ká a. Wọ́n ti gbé e sínú gíláàsì."

Dákẹ́ gbé irin gbígbóná náà kalẹ̀.

"Ojú síso rẹ̀ ńkọ́?"

"Kí ló ń jẹ́ ojú síso?"

"Ibi tó ti já tí wọ́n so ó. Ṣé wọ́n gé e kúrò ni, àbí ó wà bó ṣe wà?"

"Bàbá, lẹ́tà ni mo ń kà. Mi ò sí níbẹ̀."

"Tún un kà."

Ó tún un kà. Lẹ́tà náà sọ ọ́ kedere: wáyà náà, pẹ̀lú ojú mẹ́fà tí ó ti já.

Dákẹ́ dìde. "Kóòtù mi dà?"

Nọ́ọ̀sì ká lẹ́tà náà. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, kò rí àmì ẹ̀yẹ náà láyà bàbá rẹ̀ rí. Inú agolo tí ó ń kó ìṣó sí ló wà. Bí ó bá ń wá ìṣó, a fi ọwọ́ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

*

Ìyá Aránṣọ ń gbé ní òpópónà kejì. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà lójú fèrèsé, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í sì í kúrò lórí rẹ̀ bí ó tilẹ̀ ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Ọdún mẹ́jọ ni Dákẹ́ fi jù ú lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin àti Dákẹ́ ni wọ́n jọ ṣiṣẹ́ wáyà lójú ogun, ẹ̀gbọ́n náà kò sì padà wálé.

"Bọ̀dá, ẹ káàárọ̀. Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú."

"Kóòtù tí mo rí lọ́wọ́ yín ni mo ṣe béèrè. Ẹ kì í gbé e síta àfi bí a bá fẹ́ sìnkú."

"Kòkòrò ti jẹ ẹ́ lápá."

Ó gbà á, ó nà án síwájú ìmọ́lẹ̀. "Kòkòrò kọ́. Ọjọ́ orí ni. Òun náà ti dàgbà bíi tiyín. Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Wọ́n rí wáyà náà."

Ẹ̀rọ dákẹ́. Ẹsẹ̀ Ìyá Aránṣọ ti kúrò lórí rẹ̀.

"Wáyà wo?"

"Wáyà wa. Ojú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ṣì wà lára rẹ̀."

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un lò. "Ọjọ́ tí ìyá mi máa kú, ó bi mí bóyá Dákẹ́ ti wá. Mo ní rárá. Ó ní, 'Yóò wá. Kì í sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kì í gbàgbé.'"

Dákẹ́ fa ìjókòó kan, ó jókòó.

"Ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí bá mi ṣeré o, Bọ̀dá. Ojú mi ni wọ́n ṣe ń fi ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ̀sín nílé ẹ̀kọ́. Wọ́n ní ó lọ́ra débi pé ikú ló kọ́kọ́ débi iṣẹ́. Ṣé ẹ ó lè sọ̀rọ̀ níwájú àwọn èèyàn náà?"

"Wáyà ni yóò sọ ọ́."

"Wáyà kò lẹ́nu. Ẹ̀yin lẹ lẹ́nu, ẹ kàn tì í pa ni."

"Wá jókòó tì mí lọ́jọ́ náà."

"Màá wá. Bí ẹ bá dákẹ́ níbẹ̀, abẹ́rẹ́ ni màá fi gún yín."

Ó fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ. Kóòtù náà ni ó kọ́kọ́ rán, ó pa aṣọ oníbàárà mẹ́ta tì.

*

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́ nìyí.

Ogun ti wọ ọdún kejì. Ọgọ́rùn-ún ọmọ ogun wa wà lórí òkè kan, ọ̀tá sì ti ká wọn mọ́ lọ́nà mẹ́ta. Àgbá wa wà lẹ́yìn, ó tó ìrìn wákàtí kan sí wọn. Àwọn tó ń yin àgbá kò rí ọ̀tá. Àwọn tó wà lórí òkè ló rí wọn, àwọn ló sì ń sọ fún àwọn ti ẹ̀yìn pé ẹ sún un sí ọ̀tún, ẹ fà á sẹ́yìn díẹ̀, títí àgbá yóò fi bà. Rédíò ti kú. Wáyà kan ṣoṣo ló kù láàárín wọn. Bí wáyà bá já, àgbá fọ́jú nìyẹn.

Àwọn méjì ló ń tọ́jú wáyà náà: Dákẹ́, àti ẹ̀gbọ́n Ìyá Aránṣọ tí wọ́n ń pè ní Aláròyé. Tí ojúmọ́ bá ti mọ́, ẹnu Aláròyé kì í sinmi. Ó ní òun ń sọ ti ẹni méjì ni, nítorí ẹnì kejì òun ti fi tirẹ̀ pamọ́ de ọjọ́ ogbó. Ọlọ́wọ́ òsì ni. Olùkọ́ wọn bá a wí, bá a wí, ó sú u. Ọwọ́ òsì yẹn ló dára jù nínú gbogbo wọn.

Bí wáyà bá já, ẹni tó ń wá ibi tó já kì í fi ojú wá a. Àtẹ́lẹwọ́ ni ó fi ń wá a. Yóò jẹ́ kí wáyà máa gba inú ọwọ́ rẹ̀ kọjá bí ó ti ń lọ, nítorí wáyà lè gba inú koríko, ó lè gba abẹ́ omi. Níbi tí ọwọ́ bá ti ṣófo, ibẹ̀ ló já. Yóò wá orí kejì kàn, yóò họ rọ́bà ara rẹ̀, yóò ta á ní kókó, yóò lọ́ ọ, yóò fi téèpù dì í. Yóò wá so tẹlifóònù tó gbé kọ́rùn mọ́ ọn, yóò pe iwájú, yóò pe ẹ̀yìn. Òfin kan sì wà: ẹni tó wà lórí wáyà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìròyìn wáyà ni yóò sọ, kì í ṣe ìròyìn ara rẹ̀. Ẹlòmíràn ń dúró de wáyà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà Aláròyé ti gbé bátìrì gun òkè lọ. Dákẹ́ wà nídìí àgbá. Ọ̀tá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀jò bọ́ǹbù, tẹlifóònù sì dákẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá wọn. Dákẹ́ mú ẹ̀mú rẹ̀, ó jáde láti ẹ̀yìn. Ó mọ̀ pé Aláròyé náà ti jáde láti iwájú. Wọn kò ní láti sọ ọ́ fún ara wọn.

Ó rí ibi kan tó já, ó so ó. Ẹ̀yìn dáhùn. Iwájú kò dáhùn. Ó ń lọ. Irin bọ́ǹbù kan gba itan rẹ̀, ó fi bẹ́líìtì dì í. Ó ń fi ìdí wọ́ lọ, wáyà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó bá Aláròyé nínú kòtò kan. Ó dùbúlẹ̀ lórí wáyà, ẹ̀jẹ̀ ti bo àyà rẹ̀. Orí wáyà méjèèjì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti họ wọ́n, wọ́n ń dán. Ó wo Dákẹ́. Ó ní:

"Mẹ́rin wà lẹ́yìn mi. Èyí nìkan ló kù."

Láyé rẹ̀, kò sọ̀rọ̀ tó kúrú tó bẹ́ẹ̀ rí. Kò sọ òmíràn mọ́.

Dákẹ́ gba orí wáyà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ta á ní kókó, ó lọ́ ọ, ó dì í. Ó pe iwájú, wọ́n dáhùn. Ó pe ẹ̀yìn, ọ̀gá dáhùn. Ọ̀gá ní, "Báwo ni?"

Dákẹ́ ní, "Níbi mẹ́fà ló já. Gbogbo rẹ̀ ti so. Ẹ máa sọ̀rọ̀."

Àgbá bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Nígbà tí oòrùn fi máa rọ̀, ọ̀tá ti fẹsẹ̀ fẹ, àwọn mọ́kànléláàádọ́rùn-ún sì fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè náà.

Oṣù mẹ́ta ni Dákẹ́ lò ní ọsibítù. Kí ó tó lè jókòó, ìwé ti lọ, ìwé ti bọ̀. Wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ pé òun nìkan ló so ojú mẹ́fà. Wọ́n sì kọ ọ́ nípa Aláròyé pé ó kú lójú ọ̀nà kí ó tó débi iṣẹ́, nítorí ibi tí wọ́n ti bá òkú rẹ̀ sún mọ́ àgbá. Wọ́n rò pé ẹ̀yìn ló ti jáde. Dákẹ́ sọ bó ṣe jẹ́ fún ọ̀gá wọn.

"Ẹlẹ́rìí rẹ dà?"

Ẹni tó ń gbọ́ tẹlifóònù lórí òkè ti kú lọ́sàn-án ọjọ́ kan náà. Dákẹ́ ní, "Wáyà ni."

Ọ̀gá náà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó rọra fọwọ́ kàn án léjìká. "Wọ́n ti ká wáyà lọ," ló wí.

Dákẹ́ kọ lẹ́tà méjì lẹ́yìn ogun. Wọ́n ní àwọn ti rí i gbà. Ó lọ bá ìyá Aláròyé, ó ní òun kò ní lo àmì ẹ̀yẹ náà títí wọn yóò fi kọ ti ọmọ rẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta nìyẹn.

*

Yàrá tuntun náà ń rùn ọ̀dà. Tẹlifóònù àtijọ́ wà lórí tábìlì, fọ́tò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìgbà láéláé wà lára ògiri. Wáyà wà láàárín, nínú gíláàsì. Wọ́n ti ká a róbótó, wọ́n wá fa ojú mẹ́fà náà síta kí ó hàn. Téèpù àtijọ́ bò ó lójú kọ̀ọ̀kan, ó ti le bí èèpo igi. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi rí ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ọgọ́ta akẹ́kọ̀ọ́ dúró ní ìlà. Dákẹ́ jókòó níwájú, Ìyá Aránṣọ lọ́tùn-ún rẹ̀, ọmọ rẹ̀ lósì. Kò fi àmì ẹ̀yẹ sáyà. Inú àpò ló wà.

Kápùténì tó jẹ́ olórí ilé ẹ̀kọ́ náà, obìnrin tí ohùn rẹ̀ mọ́ gaara, ka ìwé ìyìn náà. "'Òun nìkan ṣoṣo, pẹ̀lú ọgbẹ́ lára, ló so ojú mẹ́fà tí wáyà ti já.'" Wọ́n pàtẹ́wọ́, ilé mì. "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa sọ gbólóhùn kan."

Dákẹ́ dìde. Ó ti ń ro ohun tó máa sọ láti ọjọ́ mẹ́sàn-án, gbogbo rẹ̀ sì fò lọ bí ẹyẹ.

"Ẹ ṣé," ló wí.

Wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Ó fẹ́ jókòó. Nígbà náà ni nǹkan kan ta á ní ọwọ́ ọ̀tún. Ó wo ìsàlẹ̀. Abẹ́rẹ́ ni. Ìyá Aránṣọ tẹjú mọ́ iwájú bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

"Ìwé yẹn kò pé," ni Dákẹ́ wí.

Ó na ọwọ́ sí ìwé tó wà lọ́wọ́ Kápùténì.

"Ẹni tó kọ ọ́ kò parọ́. Èmi ni mo fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Mo ní gbogbo rẹ̀ ti so. Mi ò sọ ẹni tó so ó lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo wá sọ ọ́, ọ̀gá mi bi mí pé ẹlẹ́rìí mi dà. Ẹ ṣí gíláàsì yẹn."

Sájẹ́ǹtì tó ń tọ́jú yàrá náà fò síwájú. "Háà! Ọ̀gá mi, oṣù méjì ni mo fi to wáyà yìí! Ohun ìtàn kì í ṣe ohun tí à ń tú!"

"Abẹ́ téèpù ni ìtàn ọ̀hún wà," ni Dákẹ́ wí.

Kápùténì wo bàbá náà. Ó wo wáyà. "Ṣí i," ló wí.

Dákẹ́ mú wáyà náà sínú àtẹ́lẹwọ́. Ó pa ojú dé. Ó jẹ́ kí ó máa kọjá, títí kókó àkọ́kọ́ fi bá a lọ́wọ́. Ó yọ ọ̀bẹ kékeré, ó la téèpù náà. Bàbà tó wà nínú wáyà ti di àwọ̀ ewé lábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kókó dúró bí wọ́n ṣe ta á. Ó la ìkejì. Ó la ìkẹta. Nígbà tó fi máa la ìkẹfà, gbogbo ìlà akẹ́kọ̀ọ́ ti tú, ọrùn ló kù tí wọ́n ń nà.

"Ẹ wò ó. Ẹ̀yin náà ń so wáyà. Apá ibo ni méjì àkọ́kọ́ lọ́ sí?"

"Ọ̀tún," ni wọ́n wí.

"Mẹ́rin yòókù?"

Wọ́n wò ó. Ọ̀kan nínú wọn ló kọ́kọ́ sọ ọ́, lóhùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Òsì ni."

Kápùténì gé wáyà tuntun méjì, ó kó wọn lé e lọ́wọ́. "Bàbá, ẹ so èyí fún mi." Ọwọ́ Dákẹ́ kò gbọ̀n. Ó họ ọ́, ó ta á, ó lọ́ ọ, kí ènìyàn tó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Kápùténì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ méjì àkọ́kọ́. Bákan náà ni wọ́n rí bí ìbejì. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́rin yòókù. Wọ́n kọ ẹ̀yìn síra wọn.

Sájẹ́ǹtì tẹ̀ mọ́ ọn, imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan wáyà. "Ọlọ́wọ́ òsì ló so mẹ́rin yìí. Ọ̀gá, ẹ má bínú o, tirẹ̀ dára ju ti Bàbá lọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Dákẹ́ náà rẹ́rìn-ín. "Ó dára ju tèmi lọ dáadáa."

"Ta ni ọlọ́wọ́ òsì náà?" ni Kápùténì béèrè.

Ìyá Aránṣọ ti dìde. Kò dúró kí ẹnikẹ́ni pè é. Ó rìn lọ síbi ògiri, ó fi ìka kan fọ́tò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́rìnlélógún ló wà níbẹ̀, wọ́n to ara wọn sí ìlà méjì, ẹ̀mú wà lọ́wọ́ ọ̀tún oníkálukú. Ẹnì kan ṣoṣo ló di tirẹ̀ mú lọ́wọ́ òsì. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn," ló wí. "Wọn kò lè mú un dákẹ́ títí wọ́n fi ya fọ́tò tán."

Kápùténì yọ bírò. Ó fa ìwé kan, ó gbé e lé orí gíláàsì. "Bàbá, ẹ fún wa ní ìròyìn wáyà náà lẹ́ẹ̀kan sí i."

Dákẹ́ na ẹ̀yìn rẹ̀. Ó pe orúkọ ẹnì kejì rẹ̀, orúkọ àbísọ, tí ẹnikẹ́ni kò pè síta láti ọjọ́ pípẹ́. Ó ní:

"Níbi mẹ́fà ló já. Òun so mẹ́rin, láti iwájú. Èmi so kan, láti ẹ̀yìn. Ìkẹfà, òun ló họ ọ́, èmi lọ́ ọ. Ẹnu iṣẹ́ ló kú sí, kì í ṣe ojú ọ̀nà. Bí kò bá ti ṣe mẹ́rin yẹn, ọ̀rọ̀ ì bá má gba wáyà náà kọjá, ẹnikẹ́ni ì bá má sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè náà. Ìròyìn parí."

Kápùténì kọ gbogbo rẹ̀, ó fọwọ́ sí i. Ó ní òun yóò fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń tọ́jú ìwé ogun, kí wọ́n tún ti àtijọ́ kọ. Ṣùgbọ́n láti òní lọ, èyí ni yóò wà nínú gíláàsì. "Ọ̀gá yín béèrè ẹlẹ́rìí nígbà yẹn, àbí?" ló bi Dákẹ́. Sájẹ́ǹtì ló kọ́kọ́ gba bírò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn fọwọ́ sí i, títí ìwé fi kún, wọ́n yí i sẹ́yìn.

Lẹ́yìn náà ni Kápùténì pàṣẹ. Ọgọ́ta ẹsẹ̀ balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n kọjú sí Ìyá Aránṣọ, wọ́n gbé ọwọ́ sí iwájú orí, wọ́n kí i bí ọmọ ogun ti ń kí ọ̀gá. Obìnrin náà kò mọ ohun tó yẹ kó fi ọwọ́ tirẹ̀ ṣe. Ó dúró gbọnin gbọnin, abẹ́rẹ́ láàárín ìka rẹ̀, omi ń ṣàn lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

Dákẹ́ fa àmì ẹ̀yẹ náà yọ nínú àpò. Ìṣó ti ha á lójú. Ó nà án sí Ìyá Aránṣọ. "Gbà á. Ti ẹ̀gbọ́n rẹ ni."

"Ṣé mẹ́rin tirẹ̀ nìkan ló so wáyà náà pọ̀ ni? Tiyín ńkọ́?" Ó gba àmì ẹ̀yẹ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi sápò. Ó fa òwú jáde nínú báàgì rẹ̀, ó ki í bọ ojú abẹ́rẹ́. "Ẹ dúró dáadáa, Bọ̀dá. Ẹ má mì. Ìlérí tí ẹ ṣe fún ìyá mi ti pé."

Ó rán an mọ́ àyà kóòtù náà níbẹ̀, lójú gbogbo wọn. Ó rán an lẹ́ẹ̀mejì kí ó má baà já. Ó fi eyín gé òwú. Ó sún sẹ́yìn, ó wò ó láti òkè délẹ̀ bí ó ti ń wo aṣọ oníbàárà.

"Ó bá yín mu," ló wí.

Nínú ọkọ̀, nígbà tí wọ́n ń padà sílé, nọ́ọ̀sì wo bàbá rẹ̀. "Bàbá, ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ lónìí ju ti ọdún kan lọ."

Dákẹ́ fi àtẹ́lẹwọ́ kan àyà rẹ̀, níbi tí òwú ti gba àárín aṣọ kọjá.

"Mo fi pamọ́ de ọjọ́ ogbó ni," ló wí.